Ọkọ Mi Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Irọ́ tí Nadine Purcell pa ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí Delbert Cates kò ju gbólóhùn kan lọ, kì í sì í ṣe Delbert ló pa á fún. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò nílé ìsinmi orí òkè ló pa á fún. Delbert kàn dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni, ó gbé kúlà dání, etí rẹ̀ kò sì di.

Ọjọ́ Àìkú ni, láàárín oṣù kẹwàá, nígbà tí ewé orí àwọn òkè Tennessee ń pupa tí ayé sì ń rọ́ wá wò ó. Nadine ti ń wakọ̀ bọ̀ láti Ohio láti ìdájí. Ọmọbìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Yàrá kan, pálọ̀, ilé ìdáná, títí di àárọ̀ Sátidé. Póìǹtì yín ti gbé gbogbo ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Wendell Purcell ń kọ́, mà? Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ni mo rí níbí."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Nadine fi dáhùn kò ju ẹyọ méjì lọ: ó kú. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde.

"Ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn," ló sọ.

Wendell ti kú láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá.

Wendell yìí náà ló kó wọn sínú ọ̀rọ̀ póìǹtì. Ọdún kọkànlá rèé tí tọkọtaya náà wá najú sórí òkè yìí, tí ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan jókòó tì wọ́n láti ìgbà oúnjẹ àárọ̀ títí di ọ̀sán, tó ń ṣàlàyé ilé ìsinmi tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ ní. Bí ọdún bá yí, wọ́n á fún ẹ ní póìǹtì. Wàá fi póìǹtì gba yàrá síbi tó bá wù ẹ́. Bí ọdún bá sì parí tí o ò lò ó, ó wọmi nìyẹn. Wendell fọwọ́ síwèé, Nadine náà fọwọ́ sí i.

Póìǹtì ọdún tó kọjá wọmi nígbà tí Nadine ń ṣọ̀fọ̀. Kò fẹ́ kí ti ọdún yìí náà wọmi. Kristy, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti sọ ọ́ sọ ọ́ pé kó dá gbogbo ẹ̀ padà fún wọn, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Dayton, níbi tí òun ti kun yàrá tó wà lórí gáréèjì, ilé tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, dè é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà á padà, tàbí kí wọ́n tó yọ orúkọ òkú kúrò, wọ́n ní láti rí ìwé ẹ̀rí ikú. Ìwé náà wà nísàlẹ̀ báàgì Nadine. Ó ń gbé e kiri láti ọdún tó kọjá, kò fún ẹnikẹ́ni.

"Bí ọkọ yín bá dé, mà," ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ bá mi sọ fún un kó má fi nǹkan jíjẹ sílẹ̀ nínú mọ́tò o. Béárì fọwọ́ ara ẹ̀ ṣílẹ̀kùn mọ́tò ẹnì kan lánàá, torí bisikíìtì."

Nadine yíjú. Ọkùnrin gíga kan tó gbé kúlà dání ni, orí rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ sì ń ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Ṣé ó tilẹ̀kùn nígbà tó ń lọ?" ni Nadine bi í.

"Rárá o. Wọn ò kọ́ ọ nílé."

Nadine bú sẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu, torí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní póìǹtì tí kò mọ tábìlì kejì. Wọ́n á fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ní tàkọ́kọ́, ṣùgbọ́n páálí tí wàá fi síwájú mọ́tò kí wọ́n má baà wọ́ ọ lọ, tábìlì kejì ló wà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta póìǹtì mọ́ póìǹtì. Ọkùnrin kan tó de táì, tó ń jẹ́ Brice, ló wà níbẹ̀.

"Ìpàdé kékeré báyìí ni, mà. Wákàtí kan ààbọ̀ péré. Ẹ máa jẹun àárọ̀, ẹ ó sì gba tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún ọkọ̀ orí wáyà tó ń gun òkè. Ohun kan ṣáá ni pé ẹni tó bá lọ́kọ, òun àti ọkọ ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jókòó. Òfin ni. Ìgbà wo lọ̀gá máa dé?"

"Ọ̀la," ni Nadine wí.

"Ó dáa. Mo ti kọ yín sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Yàrá Delbert ló tẹ̀ lé ti Nadine, bákónì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bákónì. Póìǹtì ọmọ rẹ̀ ló fi wá. Ọmọ náà ní bàbá òun ti ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀ jù. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Delbert fi gun òpó iná ní Kentucky, kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó láìṣe nǹkan. Lọ́jọ́ Ajé, kò tíì pé aago méjìlá ọ̀sán tó ti dín búrẹ́dì àgbàdo, tó ti se ẹ̀wà, tó sì na àwo kan sí Nadine lórí irin bákónì.

"Mo se é jù. Ọdún mẹ́rin rèé tí ìyàwó mi ti kú, ìkòkò ẹni méjì náà ni mo ṣì ń gbé kaná. Ọkọ yín ti wọlé?"

Ibi tó yẹ kí Nadine ti sọ òtítọ́ nìyẹn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ó kọ́kọ́ yà lọ pẹja," ló sọ. "Kò lè rí odò kó má yà."

"Ọkùnrin gidi," ni Delbert wí. "Ẹ gé tiẹ̀ sílẹ̀ fún un."

Nadine gé búrẹ́dì sílẹ̀ fún òkú. Ó bò ó, ó gbé e sínú fíríìjì, ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ń tì í. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Wọn ò sọ ohun tí ẹni tó pa irọ́ á máa jẹ kí ọjọ́ náà tó pé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti bébà gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: *A retí yín lónìí, a ò rí yín. Ṣé ọ̀gá ti dé?* Nadine sọ fún Brice pé ó di Ọjọ́bọ̀. Ó bá Delbert rìn lọ sétí odò. Wọ́n rí béárì kan àti ọmọ ẹ̀ méjì lókèèrè, wọ́n dúró wò wọ́n. Nígbà tí òjò dé, Nadine ní kó wọlé wá mu kọfí. Delbert mi orí.

"Ẹ ṣeun. Èmi kì í wọ ilé ọlọ́kọ nígbà tí ọkọ ò sí nílé. Bí Arlene ìyàwó mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Òjò náà lù ú títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, àgbà ọkùnrin tó ń gbọn omi dànù lára fìlà. Nadine dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ìfẹ́ ti wọlé, ó mọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin kì í ṣe ọmọdé tí ìfẹ́ máa dé tí á máa pè é ní ibà. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, àìbàlẹ̀ ọkàn sì bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́rú, wọ́n gun orí àpáta kan tí ènìyàn ti ń rí àwọn òkè títí lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ibẹ̀ ni Delbert ti sọ ti Arlene fún un tán pátápátá: bí àìsàn ṣe mú un, bí ó ṣe ń bẹ Delbert pé kó má ta ilé.

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí mo máa ń sùn sí náà ni mo ṣì ń sùn sí," ló wí. "Bẹ́ẹ̀dì yẹn fẹ̀ bíi pápá. Mi ò lè sún sí àárín. Ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀."

Ó sunkún, kò sì fi ojú pamọ́. Nadine di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ sọ pé, *èmi, orí àga Wendell ni mo ń sùn, mi ò tíì wọ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ náà.* Ó gbé e mì.

Delbert rọra yọ ọwọ́ rẹ̀.

"Nadine." Ìgbà àkọ́kọ́ tó pe orúkọ rẹ̀ lásán nìyẹn. "Ọjọ́ Sátidé ló yẹ kí n lọ. Lọ́la àárọ̀ ni mo máa lọ."

"Kí ló dé?"

"Mo ti ń dá ẹsẹ̀ rẹ mọ̀ ní kọ́rídọ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ, inú mi á dùn bíi ti ọmọ ọlọ́dún méjìdínlógún. Ìfẹ́ rẹ ti kó sí mi lórí, mi ò ní í purọ́ fún ọ. Aya ẹni ẹlẹ́ni ni ọ́. Ọkọ rẹ lè dé nígbàkigbà, mi ò sì fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí n máa fi ojú sá fún un. Ẹ̀bi rẹ kọ́ o. Èmi ni."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Nadine. Ẹyọ méjì péré. Bó bá sọ ọ́, Delbert á dúró. Bí kò bá sọ ọ́, ó di yàrá orí gáréèjì ní Dayton. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Síbẹ̀, ó dà bí ẹni pé bí òun bá sọ ọ́, òun gan-an ló máa pa Wendell.

"Máa rọra wakọ̀," ló sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Kristy pè.

"Mọ́mì, ohùn yín ò dáa. Kí ló ṣe yín?"

Nadine kò rò ó kó tó sọ ọ́. "Mo pàdé ọkùnrin kan."

"Ọkùnrin báwo? Mọ́mì! Koríko ò tíì hù dáadáa lórí sàréè Dádì."

"Ó ti hù, Kristy. Mo wà níbẹ̀ ní Sátidé. Ó ti hù débi pé wọ́n ti gé e."

"Ṣé ó mọ̀ pé opó ni yín?" ni Kristy bi í.

"Mo sọ fún un pé Dádì ń bọ̀."

"Ẹ sọ pé kí ni?"

"Ọmọ yẹn ló bi mí nídìí tábìlì. Orúkọ Dádì ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ ò tíì yọ ọ́? Ọlọ́run ọba mi o." Kristy mí kanlẹ̀. "Ẹ wò ó, Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó lọ. Bó ṣe máa lọ yẹn ló dáa jù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ dá póìǹtì padà, ẹ máa bọ̀ nílé. Ọ̀dà yàrá yín ti gbẹ. Àwọ̀ ewé ni mo kùn ún."

"O ṣeun," ni Nadine wí. Ó pa fóònù. Ó ro yàrá aláwọ̀ ewé náà, ara rẹ̀ nìkan nínú ẹ̀, bí ohun tí wọ́n gbé pamọ́ kó má baà bàjẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gbọ́ tí Delbert tilẹ̀kùn. Ó wọ bàtà, kò dè é, ó fa báàgì, ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ kún fún tọkọtaya tó ń jẹun àárọ̀ ìpàdé, méjì méjì nídìí tábìlì. Brice dìde, ó dí i lọ́nà pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ìyáàfin Purcell! Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé o, ẹ má jẹ́ á di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀gá dà?"

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n kọjá."

"Ẹ kàn sọ fún mi, mà. Ṣé ó ń bọ̀ àbí kò bọ̀?"

"Kò bọ̀!" ni Nadine pariwo. "Ó kú. Ọkọ mi kú. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, kò sì bọ̀ mọ́ láéláé."

Gbogbo fọ́ọ̀kì dúró. Obìnrin arúgbó kan di apá ọkọ rẹ̀ mú. Ẹ̀rín kúrò lójú Brice, ó sì di ènìyàn lójijì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ló wí jẹ́jẹ́. Ó yẹ̀ fún un.

Delbert ń so kúlà mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ nígbà tí Nadine dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó ń mí hẹlẹ.

"Delbert, ọkọ mi ò bọ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Mọ́tò ló bà jẹ́ ni?"

"Ó ti kú. Oṣù kọkàndínlógún rèé."

Delbert wò ó. Okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nadine rí i tí ojú rẹ̀ fẹ́ dán fún ayọ̀, ó sì rí i tí ojú náà pa dé.

"Lánàá tí mo ń sunkún níwájú yín bí ọmọdé," ló wí, ó sì padà sí ẹ̀yin tó ń lò fún àlejò, "ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ bí bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣe ń rí. Nínú gbogbo èrò tó wà lórí òkè yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí èmi nìkan máa dá a sọ. Ẹ ń sọ ti ẹja fún mi."

"Kì í ṣe ìwọ ni mo fẹ́ purọ́ fún."

"Ta wá ni?"

Delbert wọ inú mọ́tò. Nígbà tó máa fi yé Nadine pé ara òun lòun ń purọ́ fún, mọ́tò náà ti yà sí títì.

Ó padà sídìí tábìlì àkọ́kọ́. Ó gbé báàgì lé e, ó yọ ìwé náà nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin náà kà á, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Tí mo bá fi í ránṣẹ́ báyìí, mà, orúkọ yín nìkan ló máa kù. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

"Fi ránṣẹ́, ọmọ mi."

Ọjọ́ Ẹtì gùn. Nadine lọ jẹ páńkéèkì ní ìsàlẹ̀ òkè. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá bi í bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó ní kò sẹ́nikẹ́ni, ó sì wo bí ẹni náà ṣe kó fọ́ọ̀kì kejì àti ife kejì kúrò níwájú rẹ̀. Ó rìn káàkiri láàárín èrò tó ń ya fọ́tò. Àwọn tọkọtaya kan ní kó bá àwọn yà á, ó bá wọn yà á. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, torí ọwọ́ ẹni tó dá wà máa ń dilẹ̀. Bákónì kejì ṣófo. Ó sọ òtítọ́, òtítọ́ náà sì ti lé ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rò ó, ó sì sunkún, fún Delbert, fún Wendell, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Sátidé, aago mẹ́wàá ni wọ́n gbọ́dọ̀ jáde. Nadine ṣe bí àwọn tó ní póìǹtì ṣe máa ń ṣe: ó fọ àwo, ó kó tówẹ́ẹ̀lì jọ sí balùwẹ̀, ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó di pàǹtírí. Ó ti di báàgì mú nígbà tí fóònù yàrá dún.

"Cates nìyí," ohùn náà wí.

Nadine jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí kò láṣọ. "Níbo lo wà?"

"Ilé, ní Berea. Ìbínú ni mo fi wakọ̀ títí dé Corbin. Ibẹ̀ ni mo ti rántí nǹkan." Ó wúkọ́. "Nígbà tí Arlene kú, àwọn ènìyàn ṣì ń pè é lórí fóònù. Oníṣọ́ọ̀ṣì, oníṣègùn eyín, àwọn tó ń tajà. Ṣé o mọ ohun tí mo ń sọ fún wọn? 'Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ pè é padà.' Oṣù mẹ́jọ, Nadine. Kò sẹ́ni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú omi."

Nadine rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà.

"Ta wá ni mí tí mo fi ń bínú sí ọ?" ni Delbert wí. "Gbọ́. Mo ti sọ ti Arlene fún ọ tán. Ìwọ ò tíì sọ ti Wendell fún mi rí, àfi irọ́. Ó ku tìrẹ."

"Wọ́n máa tó lé mi jáde."

"Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Sọ ìwọ̀n tó bá wọ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Èyí tó kù, yà wá sọ ọ́ nílé mi, ọ̀nà Ohio ló wà."

Nadine sọ ohun tí kò sọ fún Kristy, tí kò sọ fún pásítọ̀.

"Inú gáréèjì ló kú sí. Mo ń dín ẹyin lọ́wọ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo wá bínú. Mo ní, 'Wendell, àbí etí rẹ di ni? Ẹyin yìí ti tutù!' Ó ti lọ, Delbert. Ó ti lọ, mo dúró síbẹ̀, mo ń bú u nítorí ẹyin."

Delbert kò sọ pé kó má sunkún. Ó kàn wà níbẹ̀, Nadine ń gbọ́ mímí rẹ̀. Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe kan ilẹ̀kùn, ó yọjú, ó rí i, ó rọra fà á padà.

"Mo gbọ́dọ̀ máa lọ," ni Nadine wí nígbà tó yá.

"Má sáré lójú ọ̀nà o, olólùfẹ́ mi," ni Delbert wí. "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ènìyàn."